Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Jíjẹ́ Ọmọ Ìjọ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ní ọ̀pọ̀ ìdílé onígbàgbọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ìgbà tí ènìyàn bá kú ni a máa ń rántí pé ọmọ ìjọ kan ni. Àwọn ọmọ yóò ti Èkó dé, wọn yóò wá káàdì owó ìjọ olóògbé kiri inú àpótí, wọn yóò sì lọ bá akọ̀wé ìjọ láti mọ gbèsè tí ó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó lè dá ọjọ́ ìsìnkú. Wọn yóò san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ sì parí. N kò sọ pé ó burú kí ìjọ sin òkú rẹ̀ pẹ̀lú ọlá, nítorí iṣẹ́ àánú ni. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú wa ti gbà pé ìsìnkú ni èrè jíjẹ́ ọmọ ìjọ, pé ohun tí a ń dáwó sí nìyẹn láti ìgbà èwe. Àṣìṣe tí ó tóbi jù ni, òun ni ó sì bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù.

Orí kejì Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ní ẹsẹ 42, sọ ohun mẹ́rin tí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi ní Jerúsálẹ́mù dúró ṣinṣin nínú wọn: ẹ̀kọ́ àwọn àpọ́sítélì, ìdàpọ̀, bíbu àkàrà àti àdúrà. Alààyè ni gbogbo wọn wà fún. Ní orí kẹfà, nígbà tí àwọn Júù tí ń sọ èdè Gíríìkì ráhùn pé a ń gbójú fo àwọn opó wọn níbi ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́, àwọn àpọ́sítélì kò pe ẹjọ́ náà ní ẹjọ́ kékeré. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí yóò mójú tó o. Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ pé opó kan kò rí oúnjẹ gbà bí a kò bá mọ opó náà, tí a kò mọ ilé rẹ̀ àti ipò tí ó wà. Ìdí tí ó fi yẹ kí orúkọ ẹni wà nínú ìwé ìjọ nìyẹn, kí àwọn kan lè mọ̀ ọ́n dáadáa, kí òun náà sì mọ àwọn tí ìtọ́jú wọn já lé e léjìká.

Owó ìjọ tí a ń san pàápàá ní ìtàn tí kò yẹ kí a gbàgbé, ní Rẹ́mọ ní pàtàkì, níbi tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1742, àwọn ọmọlẹ́yìn John Wesley, àlùfáà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ gbèsè lórí ilé ìjọsìn wọn. Wọ́n fẹnu kò pé kí olúkúlùkù máa dá pẹ́ńì kan lọ́sẹ̀, wọ́n sì pín ara wọn sí ọ̀wọ́ tí ó tó ènìyàn méjìlá, kí aṣáájú kọ̀ọ̀kan máa lọ gba owó náà nílé. Ẹni tí ó dá àbá náà ní kí wọ́n kó àwọn tí ó tòṣì jù fún òun, pé èyí tí wọn kò bá lè san, òun yóò san án. Bí àwọn aṣáájú ti ń wọ ilé ni wọ́n ń rí ohun tí ojú kì í rí nínú ilé ìjọsìn, bí ìjà tọkọtaya àti ọkọ tí ọtí ti sọ di ìdàkudà. Wesley rí i pé àbẹ̀wò náà níye lórí ju pẹ́ńì lọ, kíláàsì tí a mọ̀ nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Káàdì ni ó kù sí wa lọ́wọ́. Àbẹ̀wò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, tí kì í sì í ṣe ti Mẹ́tọ́díìsì nìkan, akápò mọ gbèsè ọmọ ìjọ dé orí kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ ìdí tí ìyá àgbà kan kò fi yọjú láti ìgbà ìkórè. Ẹ má ṣe ka orúkọ onígbèsè sókè nínú ìsìn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé ilé rẹ̀. Ó lè jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tíì jáde; ó lè jẹ́ àgbẹ̀ tí òjò kò rọ̀ sí oko rẹ̀ lákòókò; ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí ẹnì kan nínú ìjọ ti ṣẹ̀ débi pé kò fẹ́ rí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò ní lóòótọ́, kí ìgbìmọ̀ ìjọ pa gbèsè rẹ̀ rẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má baà tún dìde lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tí ó ní, tí kò san, tí kò wá, tí ó ń retí kí agogo ìjọ dún fún òun lọ́jọ́ ikú, kí a sọ òtítọ́ fún un nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́.

Àwọn tí iṣẹ́ gbé lọ sí Èkó ní àṣìṣe tiwọn. Orúkọ wọn wà nínú ìwé ìjọ ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìpẹrù, wọ́n ń wá fún ìkórè àti ọdún Kérésìmesì, wọ́n sì ń fi owó ńlá ránṣẹ́ bí a bá ń tún òrùlé ṣe. Ní Èkó, wọ́n ń jókòó sẹ́yìn nínú ìjọ ńlá kan, wọ́n á sì dìde kí wọ́n tó parí oore-ọ̀fẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ta ni yóò mọ̀? Ìjọ ilé kò sí nítòsí, ìjọ Èkó kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀ níbi tí ẹ ń gbé, kí ẹ darapọ̀ mọ́ àwùjọ kékeré kan níbẹ̀, kí ẹ sì máa ran ìjọ ilé lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣípò, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ àlùfáà yín. Àṣà àtijọ́ ni: àwọn ará Éfésù kọ̀wé sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní Ákáyà kí wọ́n gba Àpólò, Pọ́ọ̀lù náà sì kọ̀wé sí Róòmù nítorí Fébè.

Fífi ìjọ sílẹ̀ nítorí ìbínú ni èyí tí mo rò pé ó ń ba ìdàpọ̀ jẹ́ jù lọ lónìí. Kì í ṣe gbogbo ìyapa ni ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwùjọ àdúrà kan wà nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's, tí Joseph Shadare àti Sophia Odunlami jẹ́ ara àwọn tí a mọ̀ mọ́ ọn. Àsìkò àjàkálẹ̀ àrùn ìnfúlúẹ́ńsà ti 1918 ni ó ta gbòǹgbò. Ní 1922 wọ́n fi ìjọ náà sílẹ̀, nítorí wọn kò gbà pé ó tọ́ láti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, wọ́n sì dúró lórí ìwòsàn nípa àdúrà láìlo oògùn. Lára wọn ni ìjọ Christ Apostolic Church ti fa apá kan gbòǹgbò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè má gba ẹ̀kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí-ọkàn ni ó mú wọn jáde. Èyí tí a ń rí nísinsìnyí yàtọ̀. A fi ẹlòmíràn joyè bàbá ìjọ, a kò dárúkọ ẹnì kan nínú ìdúpẹ́ ìkórè, tàbí ìyá kan bá ìyá mìíràn jà lórí aṣọ ẹgbẹ́, ni odindi agboolé bá kó lọ sí ìjọ tí ó wà ní òdìkejì títì. Nínú Mátíù orí 18, Jésù ní kí á kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀ wá ní òun nìkan, lẹ́yìn náà kí á mú ẹnì kan tàbí méjì dání, kí á tó sọ fún ìjọ. Àwa a máa ròyìn fún gbogbo àdúgbò ná, ẹni tí ó ṣẹ̀ wá ni yóò sì gbọ́ gbẹ̀yìn. Kí ìjọ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sá wá bá má ṣe kí i káàbọ̀ láìbéèrè. Kí àlùfáà pe àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olórí ìjọ bá ń hùwà àìtọ́ sí obìnrin tàbí ọmọdé, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìfaradà de ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ síbẹ̀.

Mo dárúkọ aṣọ ẹgbẹ́. Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ìwúlò ẹgbẹ́ dáadáa. Régbérégbé tí ń lọ kí Awùjalẹ̀ níbi Ojúde Ọba jẹ́ ohun ìwúrí fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ni ó pa régbérégbé pọ̀. Ìjọ ní láti kó ọlọ́jà àti lọ́yà, arúgbó àti ọ̀dọ́, sórí ìjókòó kan náà. Níbi tí ẹgbẹ́ inú ìjọ bá ti di ti àwọn tí ó lè ra léèsì nìkan, ẹni tí kò ní yóò rọra fà sẹ́yìn láìsọ̀rọ̀, a ó sì máa sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tutù. Jákọ́bù orí kejì ti bá àwọn tí ń fún olówó ní àga tí ó dára wí. Ẹ dín owó aṣọ kù, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò rà á jókòó pẹ̀lú yín.

Àwọn kan ní ti Kristi ni àwọn, àwọn kò nílò ìjọ kankan. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí Pọ́ọ̀lù fi kọ púpọ̀ nínú ìwé rẹ̀ sí ìjọ tí ó ní ìlú, bí Kọ́ríńtì àti Fílípì. Àwọn mìíràn sì ń ṣe ìjọ tiwọn bí ẹni pé òun nìkan ni Ọlọ́run mọ̀. Ní Rẹ́mọ, níbi tí Josiah Ositelu ti dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní Ògèrè ní 1930, agboolé kan náà lè ní Aládùúrà, Mẹ́tọ́díìsì àti Mùsùlùmí. Jíjẹ́ ọmọ ìjọ kan kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti kọ ìkíni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó ku ti ìsìn orí fóònù, tí ó gbilẹ̀ láti 2020 nígbà tí ìjọba ti ilé ìjọsìn nítorí kòrónà. Ó dára fún aláìsàn àti fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ara rẹ̀ le má ṣe fi rọ́pò ìpàdé, kí ìjọ náà má sì fi rọ́pò àbẹ̀wò. Justin Ajẹ́rìíkú, tí ó kọ̀wé ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 155, ṣàlàyé pé àwọn díákónì a máa gbé àkàrà àti wáìnì ìdúpẹ́ lọ fún àwọn tí kò lè wá. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn tí kò lè jáde nílé mọ́, kí wọ́n pín wọn fún àwọn tí yóò máa dé ọ̀dọ̀ wọn, kí àlùfáà sì gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ bá wọn nílé ní oṣooṣù, yálà wọ́n ti san owó ìjọ tàbí wọn kò tíì san án.