Bí A Ṣe Ń Yọ Páìpù Èéfín Ẹ̀rọ Gáàsì Àtijọ́, Tí A Sì Ń Dí Ihò Ara Ògiri

Ọ̀pọ̀ ilé ní Bìrìtéènì ló ṣì ní ẹ̀rọ onígáàsì àtijọ́ tó ń mú yàrá gbóná, tí páìpù èéfín rẹ̀ gba inú ògiri yọ síta. Bí ẹ kò bá lò ó mọ́, òtútù nìkan ni ihò yẹn ń gbà wọlé.

Gáàsì ni ká kọ́kọ́ yanjú, iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe tiyín. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ Gas Safe, ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì tí òfin fọwọ́ sí níbẹ̀, tó rọ́pò CORGI, irú rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, ní 2009, ni kó wá tú ẹ̀rọ náà, kó sì dé ẹnu páìpù gáàsì pa. Kó tó lọ, ẹ bi í bóyá ihò mìíràn tó wà lára ògiri ń fún ẹ̀rọ gáàsì kan nínú ilé ní afẹ́fẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ o: bí afẹ́fẹ́ kò bá tó ẹ̀rọ náà, ó lè tú carbon monoxide jáde, gáàsì olóró tó ń pani; kò ní òórùn, kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ẹ wá wo páìpù èéfín fúnra rẹ̀. Bó bá rí bíi sìmẹ́ńtì, ó lè ní asbestos nínú, ìyẹn ohun èlò ìkọ́lé onífọ́nrán tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ọdún 1999 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Kódà bó jẹ́ irin, okùn tí wọ́n fi dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ asbestos. Ẹ má gé e, ẹ má gbá eruku rẹ̀, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí kò bá séwu, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ tú irin tó bo ẹnu páìpù níta, kí ẹ fi òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì gé sìmẹ́ńtì tó yí i ká díẹ̀díẹ̀. Yóò mì, ẹ ó sì fà á jáde.

Dídí ihò ló gba ọgbọ́n. Ògiri ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ jẹ́ méjì, àlàfo sì wà láàárín wọn kí omi òjò má baà dé ti inú. Ẹni tó bá ki sìmẹ́ńtì kún ihò náà látòkèdélẹ̀ ti ṣe afárá fún omi nìyẹn, ọ̀rinrin yóò sì yọ lára ògiri yàrá. Ẹ kó àfọ́kù kúrò nínú àlàfo. Láti ìta ni kí ẹ ti mọ ògiri inú ná, kí ẹ lè máa rí ohun tó ń já bọ́ sínú àlàfo. Ẹ fi omi rin bíríkì àti etí ihò, ẹ po sìmẹ́ńtì kan mọ́ yanrìn mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ohun amúlé-móoru bá wà nínú àlàfo tẹ́lẹ̀, ẹ dá irú rẹ̀ padà kí ẹ tó mọ ti ìta.

Bíríkì ayé àtijọ́ sábà máa ń ga ju ti ìsinsìnyí lọ, èyí tó ga ní mílímítà 65, nítorí náà ẹ wá àlòkù tó bá a mu. Bó bá jẹ́ pé ẹfun ìmọlé (lime) ni wọ́n fi mọ ilé náà, ẹfun ni kí ẹ lò; sìmẹ́ńtì máa ń há omi mọ́ra ògiri bẹ́ẹ̀. Ẹ má mọ ọ́n nígbà tí òtútù bá wà lábẹ́ dígírì 5.

Nígbà tó bá le, ẹ rẹ́ ògiri inú lẹ́ẹ̀mejì: èyí tó nípọn ṣáájú, èyí tó ń dán tẹ̀ lé e. Ẹ má kùn ún lọ́dà títí gbogbo ibi tó dúdú nítorí omi yóò fi funfun tán.