Bí Corolla ṣe jáwọ́ gbígbóná lẹ́yìn pípààrọ̀ omi rédíétọ̀

Corolla 2005 ni ọkọ̀ mi. Tó bá ń gun òkè lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, abẹ́rẹ́ géèjì ooru á gòkè. Hítà sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Títún omi bù àti pípààrọ̀ tẹmosítáàtì (èyí tó ń ṣí ọ̀nà fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) kò ràn án.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ẹ tú ẹnu kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ gba omi náà sínú ike. Tèmi pọ́n bí omi irin tó dípẹtà. Ẹ má dà á sílẹ̀ o: ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ewúrẹ́ àti ajá. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án títí tó fi mọ́, kẹ́ ẹ dé ẹnu náà padà, kẹ́ ẹ wá rọra da kúláǹtì (omi rédíétọ̀ tí wọ́n ń tà) tí wọ́n ti pò tán sí i, bíi lítà 6.

Atẹ́gùn tó há sínú ẹ́ńjìnnì gan-an ló fa wàhálà. Ẹ páàkì sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí imú ọkọ̀ ga, ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀, ẹ tan hítà dé òpin, kẹ́ ẹ wá sítáàtì. Ẹ fọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè léraléra. Ìfóòfó á máa yọ, omi á sì máa lọ sílẹ̀. Ẹ máa bù ú kún títí fáànù rédíétọ̀ á fi tan lẹ́ẹ̀mejì, tí hítà á fẹ́ ooru.

Bí ìfóòfó ò bá dáwọ́ dúró, ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì (èyí tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) ló ti bàjẹ́.