Ohun mẹ́sàn-án ni mo kọ sílẹ̀, méjì ló kù

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2023, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ilé wa ń ṣe àìsùn ọdún tuntun. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n ta ni ìlù yẹn máa jẹ́ kó sùn? Ni mo bá fa ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí jáde, mo ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, mo kọ ohun mẹ́sàn-án tí mo fẹ́ ṣe lọ́dún 2024. Màá máa jí kírun òru. Màá dín ara kù. Mi ò ní jẹ ìyá ẹlẹ́ja mi ní ọjà Olúwó ní gbèsè mọ́. Màá ra máṣíìnì tí a fi ń wíìfù etí aṣọ. Mi ò ní parọ́ fún oníbàárà mọ́. Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àti ìwé.

Kí oṣù Kìíní tó parí, méje ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìrun òru, ọjọ́ mẹ́rin ni mo kí. Ní ti ara, Ẹ̀pẹ́ la wà o, ẹja wa kì í jẹ́ kí ẹ̀bà kéré.

Máṣíìnì àti irọ́ ló kù. Mo rò ó títí kí n tó mọ ohun tó fi wọ́n yàtọ̀: àwọn nìkan ni mo lè kà. Tí ilẹ̀ bá ṣú, mi ò mọ bí ara mi ṣe dín kù tó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ bóyá mo ti yọ owó sílẹ̀ tàbí mi ò yọ ọ́.

Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Ayétòrò. Gbogbo aṣọ tí mo bá rán, mo gbọ́dọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àǹtí kan ní òdìkejì títì kí wọ́n bá mi wíìfù etí rẹ̀ kó má bàa tú. 200 náírà ni lórí aṣọ kan nígbà náà, bí iná kò bá sì sí, màá jókòó dè é. Ìdí nìyí tí mo fi dá bàbá alájọ tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá láràárọ̀ dúró.

Mo ní, “Bàbá, ẹ kọ orúkọ mi sí káàdì, 500 lójúmọ́.”

Wọ́n wò mí. “Ìyá Ìbejì, lójúmọ́ lẹ wí, àbí lọ́sẹ̀?”

Ẹ mọ bí àjọ ojoojúmọ́ ṣe ń lọ. Káàdì ní ojú 31, ojú kan fún ọjọ́ kan, owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì ni owó iṣẹ́ alájọ. Ọdún 2024 ní ọjọ́ 366. Mo ṣírò rẹ̀: bí mi ò bá pa ọjọ́ kankan jẹ, 177,000 ni màá ní lẹ́yìn tí bàbá bá ti yọ tiwọn. Ẹnìkan bi mí léèrè pé ṣé kóló kò dára ju kí n máa sanwó fún ẹni tó ń bá mi tọ́jú owó ni. Mo ti ní kóló rí. Ọ̀bẹ ni mo fi ń yọ owó inú rẹ̀. Ta ló fẹ́ fi ọ̀bẹ yọ owó lápò bàbá arúgbó?

Síbẹ̀, mi ò jẹ́ kí owó mi pẹ́ ju oṣù kan lọ́wọ́ wọn. Kò sí ọjà tí wọn ò ti ní ìtàn alájọ tó sá lọ. Bí oṣù bá ti parí, màá gbà á, màá san án sí bánkì, sínú àkáǹtì tí mo kọ̀ láti gba káàdì ATM rẹ̀. Àìsí káàdì yẹn ló gbà mí ní oṣù Kẹsàn-án. Owó ilé-ìwé àwọn ìbejì dé, mo mú ọ̀nà bánkì pọ̀n, mo rí ìlà àwọn tó dúró níwájú, oòrùn ń jó mi. Mo padà, mo lọ bẹ ilé-ìwé kí n san án lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbà.

Irọ́ ni iṣẹ́ ńlá. Ẹ jọ̀ọ́, kí télọ̀ kankan má bínú sí mi, gbogbo wa la mọ “ó ku bọ́tìnì nìkan.” Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ka iye aṣọ tí èmi àti ọmọṣẹ́ mi ń rán parí ní ti tòótọ́. Mọ́kànlá ni lọ́sẹ̀. Ogún ni mo sì ń gbà! Aṣọ mẹ́sàn-án tó lé yẹn ló ń bí gbogbo irọ́. Mo so kàlẹ́ńdà mọ́ ògiri. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá ti pé mọ́kànlá, ọmọṣẹ́ mi á fi báírò pupa fa ìlà sí i, bí mo bá sì fẹ́ gba èkejìlá, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í. Ọmọ ọdún 19 ni, kò sì bẹ̀rù mi tó bó ṣe yẹ.

Ààwẹ̀ ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, àwọn léèsì ń ya wọlé, owó ń dún lọ́wọ́ wọn, mo bá yí kàlẹ́ńdà dojú kọ ògiri. Àárọ̀ ọjọ́ Ìtúnu, Alhaja kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ti lé tìróò, gèlè wà lọ́wọ́ wọn, aṣọ ni kò sí.

“Àǹtí Télọ̀, bọ́tìnì wo ló ń gba ọ̀sẹ̀ kan?”

Apá aṣọ wọn kan ṣì wà lábẹ́ máṣíìnì. Aṣọ ọdún èṣí ni wọ́n wọ̀ lọ sí yídì. Mi ò lè jẹ oúnjẹ ọdún mi dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ẹ sì mọ̀ pé ní ìlú wa, Iléyá kọ́ ló ń parí ọdún. Ó tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ kí ọdún Káyókáyó tó dé, èyí tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́, ìran àwọn tó ti Èkó wá, fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe wá tẹ̀dó síbí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó lọ́dún 1851. Aṣọ ẹbí lọ́tùn-ún, aṣọ ẹgbẹ́ lósì. Lọ́tẹ̀ yìí, kàlẹ́ńdà dojú kọ ìta. Mo ní, “Ẹ má bínú, mà, ọwọ́ ti kún.” Oníbàárà kan tí mo ti ń ránṣọ fún láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àwọn ìbejì kó áńkárá rẹ̀ nílẹ̀, kò sì tíì padà dòní. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n gbogbo aṣọ tí mo gbà ló jáde, àwọn tó kẹ́yìn pàápàá lò ju wákàtí 24 lórí híńgà kí wọ́n tó wá gbà á. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ọjọ́ 41 ni mo pa jẹ lórí àjọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nígbà tí ibà dá àwọn ìbejì dùbúlẹ̀. 156,500 ló wà ní bánkì nígbà tí ọdún parí. Máṣíìnì tuntun ti fò kọjá agbára mi, iye tí wọ́n ń pè é ní January kọ́ ni wọ́n ń pè é ní December. Tòkúnbọ̀ ni mo rà ní Èkó, mo sì fi díẹ̀ kún owó náà. Kọ̀ńdọ́ gba owó ìjókòó ènìyàn kan lórí rẹ̀, ó ní ẹni tó bá gbé àyè ló ń sanwó.

A gbé e sórí tábìlì, a tẹ iná, òwú já. A tún un kì bọ̀ ọ́, ó tún já. Òwú mẹ́ta ló ń jẹ, ọ̀kan gba ojú abẹ́rẹ́, méjì gba inú irin tó wà nísàlẹ̀, àwa ò mọ èyí tó ń ṣáájú. Nígbà tó já lẹ́ẹ̀kẹrin, mo ní kí ọmọṣẹ́ mi lọ bá mi pe àǹtí òdìkejì títì wá. Wọ́n dé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ki òwú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wíìfù etí búláòsì kan láti òkè dé ilẹ̀.

Wọ́n dìde, wọ́n na ọwọ́. “Ìyá Ìbejì, owó wíìfù mi dà?”

Mo ka 200 náírà fún wọn.