BP ọmọ kékeré: àṣìṣe tá a máa ń ṣe nílé

Ọjọ́ Sunday kan a wà nílé màmá mi n'Ítòkú, mẹ́ṣíìnì BP màmá (èyí tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) wà lórí tábìlì bíi ti ìgbà gbogbo, ni ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 4, bá ní kí wọ́n wé tòun náà. Ó gbé 118/76. Màmá ní "tìẹ dáa ju tèmi lọ, ọkọ mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi gan-an rẹ́rìn-ín jù.

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. 120/80 tá à ń yọ̀ sí lára àwa àgbà, tó bá jẹ́ pé tọmọ ọdún 4 ni lóòótọ́, ó ti ga jù. Ọjọ́ orí, bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, àti bọ́mọ ṣe ga sí ni dókítà fi ń mọ èyí tó dáa, àfi tó bá ti pé ọdún 13.

Àmọ́ 118 yẹn gan-an, irọ́ ni. Aṣọ mẹ́ṣíìnì màmá, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá, la wé mọ́ ọn, ó fẹ́ẹ̀ bo gbogbo apá ẹ̀ tán, èyí tó bá tóbi jù máa ń fa nọ́ńbà wálẹ̀, èyí tó bá kéré jù á gbé e sókè, ọmọ náà sì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun àtẹ̀gùn wọlé ni, ó ń mi ẹsẹ̀, ó ń rojọ́, ìyẹn náà ń gbé e sókè. Kí lẹ fẹ́ rí kà níbẹ̀? Lọ́sibítù, nọ́ọ̀sì jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́ bí ìṣẹ́jú 5, ó fi aṣọ ọmọdé wé apá ọ̀tún, ó wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: 94/56.

Tó bá tiẹ̀ ga, ẹ má pín oògùn ìyá àgbà sí méjì fún un. Ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń wò ó kí wọ́n tó pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àfi tó bá ga kọjá ààlà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ojú wíwú. Ọmọ á jí láàárọ̀, ojú ẹ̀ á wú, wọ́n á ní ó ń sanra, ọ̀fàdà ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ẹ̀ ti dúdú bíi kóòkì, tẹ́ ẹ bá sì rántí, ọ̀fun ti dùn ún tàbí egbò ti yọ sí i lára ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kíndìnrín. BP irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fò sókè débi tí gìrì á fi gbé e, kí wọ́n wá máa sáré lọ bá ẹlẹ́wé ọmọ. Ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà.

Ẹ má sì dúró de orí fífọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tí BP wọn ga ni nǹkan kan kì í ṣe lójú. Láti ọdún 3 ló yẹ kí wọ́n máa wo BP ọmọ lọ́dọọdún, ká má tíì sọ ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé kí wọ́n tó bí i tàbí tó ní àìsàn ọkàn, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà yẹn. (Indomie tẹ́ ẹ tún ń sọ Maggi sí lẹ́yìn èyí tó bá a wá, ẹ dín in kù torí iyọ̀.)

Tí wọ́n bá ní aṣọ ọmọdé ò sí ní kẹ́mísíìtì, ẹ má gbà kí wọ́n fi tàgbà wé e. FMC, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà l'Abẹ́òkúta, ní ibi tí wọ́n ti ń wo ọmọdé, ẹ gbé e lọ síbẹ̀.