Yógọ́ọ̀tì Tó Kọ̀ Tí Kò Dì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo da mílíìkì nù kí n tó mọ̀ pé ìgò yógọ́ọ̀tì tí mo fi ṣe starter (yógọ́ọ̀tì díẹ̀ tí à ń pò mọ́ mílíìkì kí òun náà lè di yógọ́ọ̀tì) ló ń tàn mí jẹ. Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú gíráàmù 500 ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọjà Sábó n'Íkòròdú níbí, iye tí wọ́n sì ń ta mílíìkì báyìí kò pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Pípò rẹ̀ kò le: gíráàmù 500 sí omi lítà mẹ́rin, kó má ní kókó. Ẹni tó bá ti po ògì rí mọ èyí. Sísè ni kí ẹ má fi ṣeré. Ó gbọ́dọ̀ dé 85°C lórí tẹmómítà, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, torí ooru yẹn ló ń yí purotéènì inú rẹ̀ padà tí yógọ́ọ̀tì fi ń ki. Ẹ jẹ́ kó tutù wá sí 43°C, ẹ po starter sí i, ó di inú kúlà.

Ibẹ̀ ni wàhálà tèmi wà. Wákàtí mẹ́jọ pé, mo ṣí kúlà, omi funfun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo bá. Mo ní òtútù ni. Mo ki ìgò omi gbígbóná méjì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé kúlà bí ẹni tí ibà ń ṣe. Wákàtí mẹ́rin sí i, omi! Mo dà á nù, torí mílíìkì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́jú tí kò kan, kòkòrò búburú ló ń tọ́ dàgbà. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní bóyá ó ṣì gbóná jù nígbà tí mo da starter sí i. Mo ra tẹmómítà, mo ṣọ́ ọ bí ẹní ń ṣọ́ olè. Omi náà ni.

Ẹ̀yìn ìgò ni mo padà wá kà. Lẹ́tà kéékèèké ibẹ̀ ní wọ́n ti tún un gbé gbóná lẹ́yìn tó kan tán, kó lè pẹ́ lórí káńtà láìsí fíríìjì. Kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú yógọ́ọ̀tì, Lactobacillus bulgaricus àti Streptococcus thermophilus, ló yẹ kó jẹ ṣúgà inú mílíìkì, kí wọ́n sọ ọ́ di kíkan tí yóò mú un dì. Òkú wọn ni mo ń bẹ̀ níṣẹ́. (Wàrà àwọn Fúlàní kò nílò wọn, omi bòmùbòmù ló ń mú ìyẹn dì.)

Mo wá ra èyí tó wà nínú fíríìjì, tí kò ní ṣúgà, tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kòkòrò rẹ̀ wà láàyè. Ìlàjì ife mílíìkì ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò, ohun tó yẹ kí n ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ó dì. Mo wá fi ṣíbí ìjẹun mẹ́jọ po odindi lítà mẹ́rin. Ní wákàtí keje, mo dẹ abọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan: ó wá lódindi, ó ń gbọ̀n tìtì bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, omi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ yí i ká. Ó wù mí!

Ẹni tí mílíìkì máa ń run nínú sábà máa ń lè jẹ ẹ́, torí kòkòrò yẹn ti bá a jẹ nínú ṣúgà tó ń dà á láàmú. Kálísíọ̀mù tó ń mú eegun le náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá da ṣúgà ife kan lé e, kó má fi ìlera bojú o.

Kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó ki ṣíbí bọ̀ ọ́, mo ti bu ife kan pamọ́ sí fíríìjì. Òun ni màá fi ṣe tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.