Bí mo ṣe gun Mont Ventoux láti Bédoin, tí mo sì gba ẹ̀gbẹ́ odò Nesque padà

Ọ̀nà ọ̀dà mẹ́ta ni kẹ̀kẹ́ lè gbà dé ṣóńṣó Mont Ventoux, òkè ńlá tó dá dúró ní agbègbè Provence, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ọ̀kan ti Malaucène wá, ọ̀kan ti Sault wá, ẹ̀kẹta ti Bédoin wá. Ti Bédoin ló le jù, òun ni mo sì yàn láti fi gòkè. Mo fẹ́ kojú ibi tó le nígbà tí ara ṣì pé tí oòrùn kò sì tíì mú, kí n wá sọ̀ sí Sault lójú ọ̀nà tó rọ̀, kí n sì gba ẹ̀gbẹ́ odò Nesque padà sí Bédoin. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 90 kìlómítà. Ọgbà àjàrà, igbó, òkúta gbígbẹ, oko òdòdó, àpáta tí odò là sí méjì: gbogbo rẹ̀ ni èèyàn máa rí kí ọjọ́ kan tó parí. N kò tíì gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà mìíràn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

London ni mo ń gbé, nítorí náà reluwé ni mo wọ̀ dé Avignon, mo sì ti ibẹ̀ wọ mọ́tò dé Bédoin. N kò gbé kẹ̀kẹ́ tèmi dání, torí àwọn tó ń yá èèyàn ní kẹ̀kẹ́ tó dáa pọ̀ nílùú náà. Ohun tó yẹ kí èèyàn tẹnu mọ́ bó bá fẹ́ yá a ni jíà. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kent láàárọ̀ Sátidé ti gun òkè yìí rí. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo ń lọ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Eyín mélòó ló wà lára fíríwílì kẹ̀kẹ́ tó o fẹ́ gùn?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó máa ń tó 28 lára tèmi."

Wọ́n ní, "Ní kí wọ́n fún ọ ní 34. Má bá wọn dúnàádúrà lórí ìyẹn."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí irin eléyín iwájú bá ní 34, tí ẹ̀yìn náà bá ní 34, bí ẹsẹ̀ bá yí pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn náà yóò yí lẹ́ẹ̀kan péré. Kẹ̀kẹ́ kò ní yára, àmọ́ ẹsẹ̀ á lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ níbi tó dagun gan-an, orúnkún kò sì ní máa jà. Lórí òkè tó gùn ju 21 kìlómítà lọ, orúnkún ni èèyàn gbọ́dọ̀ dáàbò bò.

Mo gbéra kí ago méje àárọ̀ tó lù. Mo ti rọ omi kún ike méjèèjì, mo ki ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti búrẹ́dì tí mo fi oyin pa sínú àpò ẹ̀yìn aṣọ, mo sì ká jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan mọ́ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́. Bédoin wà ní nǹkan bíi 300 mítà sókè ìpele òkun, ṣóńṣó òkè sì wà ní nǹkan bíi 1,910. Ẹ ṣírò ohun tó kù láàárín méjèèjì.

Bíi kìlómítà mẹ́fà àkọ́kọ́ kò le rárá. Ọgbà àjàrà àti igi ṣẹ́rì ló wà lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà náà rọra ń ga, afẹ́fẹ́ àárọ̀ tutù. Èmi rò pé ibí yìí gan-an ni òkè náà ti ń mú èèyàn. Ara á máa sọ fún ọ pé kó o sáré, àwọn mìíràn á sì máa kọjá lára rẹ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ìwọ̀n tí mo lò ni pé bí mo bá lè sọ odidi gbólóhùn kan láìmí hẹlẹhẹlẹ, mo wà níbi tó yẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já mọ́ mi lẹ́nu, mo dẹwọ́. Mo gbàdúrà sókè, mo ki oríkì bàbá mi, gbogbo ohun tó bá wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ, kí n ṣáà lè máa gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

Ní Saint-Estève, ọ̀nà náà ṣẹ́ kọ́nà sápá òsì, ó sì wọ igbó. Láti ibẹ̀ dé Chalet Reynard, ilé oúnjẹ kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, ọ̀nà ń fi mítà mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga nínú ọgọ́rùn-ún mítà tí èèyàn bá gùn. Kò sí ibi tó tẹ́jú tí ẹsẹ̀ lè sinmi sí. Igi ti dí ojú ọ̀run, kò sí bí èèyàn ṣe lè rí ibi tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni eṣinṣin ò ní yé yí orí ká nítorí òógùn. Ohun tí mo fara tì níbẹ̀ ni òkúta kìlómítà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà: ara rẹ̀ funfun, orí rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí wọ́n ṣe máa ń kun ti ọ̀nà ìpínlẹ̀ ní Faransé. Wọ́n kọ iye tó kù dé òkè sí i lára. N kò ro ṣóńṣó òkè mọ́ rárá, òkúta tó kàn nìkan ni mo ń lé. Bí mo bá dé ọ̀kan, mo mumi. Bí mo bá dé ìkejì rẹ̀, mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ bí ebi ò tilẹ̀ pa mí.

Ọwọ́ èèyàn ló gbin púpọ̀ nínú igbó yẹn. Láyé àtijọ́ wọ́n gé igi òkè náà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìhòòhò, wọ́n sì fi púpọ̀ nínú rẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi ní Toulon. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi síbẹ̀, títí kan igi kédárì ti òkè Atlas ní àríwá Áfíríkà. Òórùn kédárì yẹn ni mo ń fà símú bí mo ṣe ń gòkè.

Àwọn òǹwòran Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn sójú ọ̀nà. Mo rí orúkọ Biniam Girmay, ọmọ Eritrea tó jáwé olúborí ní ìpele mẹ́ta lọ́dún 2024 tó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù. Kò sí adúláwọ̀ ọmọ Áfíríkà kankan tó ti gba ìpele kan nínú ìdíje náà rí ṣáájú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pariwo orúkọ rẹ̀. Bàbá Faransé kan tó ti dàgbà dáadáa ń kọjá lára mi lọ́wọ́ ìgbà yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Courage!", ìyẹn ni pé kí n mọ́kàn le. Mo ní, "Merci, monsieur." Wọ́n sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, kẹ́sẹ́kẹ́sẹ́ ni wọ́n ń lọ.

Mo dúró ní Chalet Reynard, níbi tí igbó ti tán. Ó ku kìlómítà mẹ́fà. Mo mu kọfí, mo jẹ búrẹ́dì, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fojú kéré jákẹ́ẹ̀tì yìí, torí òkè lè fi ìwọ̀n Celsius mẹ́wàá tutù ju Bédoin lọ, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní mistral sì máa ń já láti àríwá láìsí ohun tó máa dá a dúró. Lọ́dún 2016, afẹ́fẹ́ yìí le débi pé àwọn olùṣètò Tour de France parí ìpele ọjọ́ yẹn sí Chalet Reynard dípò ṣóńṣó òkè. Ọjọ́ náà ni Chris Froome, tí wọ́n bí ní Nairobi, fi ẹsẹ̀ sáré gòkè láàárín èrò lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ nínú ìjàǹbá alùpùpù.

Láti ibẹ̀ lọ, òkúta nìkan ló kù, ó funfun bí ìgbà tí wọ́n da ẹfun bo gbogbo òkè. Èèyàn á rí òpó ńlá tó wà ní ṣóńṣó, á rò pé òun ti dé, á tún yí kọ́nà mìíràn, òpó á ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bó ṣe ku díẹ̀ kí n dé, mo sọ̀ níbi ìrántí Tom Simpson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ipò kìíní lágbàáyé nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ lọ́dún 1965. Ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1967 ló ṣubú níbẹ̀ nínú ooru nígbà Tour de France, tó sì kú lẹ́ni ọdún 29. Wọ́n bá amphetamine, oògùn tó máa ń ta ara jí, lára rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá máa ń fi ike omi àti fìlà sílẹ̀ níbi òkúta náà. Mo dúró jẹ́ẹ́, mo bọ́ akoto mi, mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, mo sì tún gun kẹ̀kẹ́. Ìyànà tó gbẹ̀yìn ló dagun jù ní apá òkè yìí. Mo dìde lórí pẹ́dàlì, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, mo sì dókè.

Ọ̀nà kan náà ni mo gbà sọ̀ padà dé Chalet Reynard, kí n tó ya ọ̀nà Sault. Bíréèkì ni kí n sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Mo máa ń fà á ṣinṣin kí n tó dé kọ́nà, n ó sì dẹ̀ ẹ́ bí mo bá ti wọ inú kọ́nà. N kì í di í mú láti òkè dé ilẹ̀, torí yóò gbóná kọjá ààlà. Bí ọ̀nà ṣe ń lọ sí Sault, òórùn lafẹ́ńdà, òdòdó olóòórùn dídùn, ló kọ́kọ́ pàdé mi, kí n tó rí oko rẹ̀, aláwọ̀ elése àlùkò, poro lẹ́gbẹ̀ẹ́ poro. Ìlú Sault fúnra rẹ̀ wà lórí òkè kékeré, nítorí náà ẹsẹ̀ tó ti rò pé iṣẹ́ parí tún ní láti gòkè díẹ̀ kó tó rí oúnjẹ jẹ.

Láti Sault mo gba Monieux bọ́ sójú ọ̀nà Gorges de la Nesque, àfonífojì tóóró tí odò Nesque là sáàárín àpáta. Àwọn awakọ̀ tó ń kánjú máa ń gba ọ̀nà kejì tó gba Col des Abeilles, ìyẹn ló jẹ́ kí ti Nesque dákẹ́ rọ́rọ́. Ó rọra ga díẹ̀ títí dé ibi ìwòran kan tó wà ní 734 mítà, tí àpáta Rocher du Cire dúró gangan lódìkejì, odò sì jìn sísàlẹ̀ débi pé n kò gbọ́ ìró rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Villes-sur-Auzon, nǹkan bíi 20 kìlómítà, ọ̀nà ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ lára àpáta, ó sì ń gba inú ihò kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta. Mo tan iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ nítorí àwọn ihò wọ̀nyẹn. Apá ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ṣóńṣó òkè lọ, torí kò sí afẹ́fẹ́, kò sí èrò, táyà nìkan ni mo ń gbọ́. Mo gba Mormoiron padà sí Bédoin láàárín ọgbà àjàrà.

Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún, oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹsàn-án dára, torí ooru a máa dínkù. Oṣù Keje ni kó lọ bó bá fẹ́ bá lafẹ́ńdà níbi tó ti tanná. Yìnyín máa ń mú kí wọ́n ti ọ̀nà ṣóńṣó òkè láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin, apá Malaucène sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Kó wo ìròyìn ojú ọjọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bí wọ́n bá sì ní mistral ń bọ̀, kó fi òkè sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kó lọ gun Nesque.