Bí A Ṣe Ń Tún Kóòdù Ṣe Nígbà Tí Compiler Tuntun Bá Kọ̀ Ọ́

Ẹ kọ́kọ́ tẹ gcc --version (GCC ni compiler tí à ń lò níbí, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe), kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tó bá jáde sílẹ̀, torí pé ohun tí GCC 13 kò gbà yàtọ̀ sí ohun tí GCC 14 kò gbà. Ẹ má tíì yọ compiler àtijọ́ kúrò. Méjèèjì lè jọ gbé inú kọ̀ǹpútà kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ make 2>&1 | head -n 20, kí ẹ sì ka àṣìṣe àkọ́kọ́ nìkan (make ló ń pe compiler sí iṣẹ́, head sì ń fi ìlà ogún àkọ́kọ́ nìkan hàn). Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Ṣàgámù máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú wọn kọ́kọ́ ń bà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ti òkè ló sábà máa ń bí àwọn ti ìsàlẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ ni "implicit declaration of function", ìyẹn ni pé kóòdù pe function (iṣẹ́ kan tó ní orúkọ) tí a kò tíì sọ fún compiler. Ìkìlọ̀ lásán ni èyí jẹ́ tẹ́lẹ̀ nínú C. GCC 14, tó jáde ní 2024, ló sọ ọ́ di àṣìṣe. Kíá ni wọ́n á ti fi -fpermissive, àṣẹ tó ń dá àṣìṣe náà padà sí ìkìlọ̀, pa á lẹ́nu mọ́, tí wọ́n á sì máa yọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Bí ẹ bá pe strtok, function tó ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, láìfi string.h (header rẹ̀, ìyẹn fáìlì tó ń sọ function fún compiler) sókè fáìlì, compiler yóò gbà pé int, ìyẹn nọ́ńbà odidi tí kò ju bit 32 lọ, ni yóò dá padà, nígbà tó jẹ́ pé àdírẹ́ẹ̀sì bit 64 ló ń dá padà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní. Ìdajì rẹ̀ á gé dànù. Mo tún irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe fún oníṣòwò gàrí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde: ó gba inú compiler kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ ka orúkọ oníbàárà àkọ́kọ́, "Segmentation fault" ni, ìyẹn ni pé ètò náà fọwọ́ kan ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú mẹ́mórì, ó sì kú. Ìlà kan péré, #include <string.h>, ló wò ó sàn.

Ẹ kò nílò dátà láti mọ header tó yẹ: ẹ tẹ man 3 strtok, ẹ ó rí i lókè. Nano, ètò kékeré tí a fi ń kọ kóòdù, sì tó fún àtúnṣe yìí. Ètò ńlá kàn máa fa bátìrì gbẹ ni.

Tó bá jẹ́ C++, tí GCC 13 sì ní òun kò mọ uint32_t (orúkọ irú nọ́ńbà kan), ẹ fi #include <cstdint> sí i. Àwọn header mìíràn ló ti ń gbé e wọlé fún yín láìsọ. Ní ti GCC 15, C23, ẹ̀dà tuntun èdè C, ló ń lò bí ẹ kò bá yan òmíràn, nítorí náà yóò kọ kóòdù C tó fi typedef (àṣẹ tó ń fún irú dátà lórúkọ) dá bool tirẹ̀; -std=gnu17, tó ń yan ẹ̀dà C tó ṣáájú, lè gbà yín fún ìgbà díẹ̀.

Àtúnṣe kan, make kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti lọ, ẹ gbé e gba inú compiler àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò.